Bí ẹ bá fẹ́ ṣe wèrè lórí ìtàgé, ẹ kọ́kọ́ wá ará ilé ẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣeré ní Ìkòròdú níbí, àtẹ̀yin tíṣà tí wọ́n gbé àwọn eré àtijọ́ yẹn lé lọ́wọ́ tẹ́ ẹ wá rí i pé ẹni tórí ẹ̀ dàrú ló kún inú wọn, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mo bá sì kọ síbí, mo ti dán an wò, kì í ṣe pé mo kà á nínú ìwé lásán.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe eré kan nínú gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ìpakodò, èmi ni mo darí ẹ̀. Wèrè kan wà nínú eré náà, mo ní kí ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣe é wọ àkísà, a so agolo mílíìkì mọ́ ọn nídìí, a fi èédú kùn ún lójú, ó wọlé ó ń jó, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíì ń lu àga. Inú mi dùn o, mo rò pé a ti ṣe é gbà. Ìyá kan wà ní ìlà kejì tí kò rẹ́rìn-ín rárá, ó kàn tẹjú mọ́ ọmọ yẹn ni, nígbà tó yá ó gbé báàgì ẹ̀ ó dìde ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo rò pé ooru ló mú un torí fáànù ò ṣiṣẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin lẹ ṣe yẹn." Ó dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn kiri, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé apá àkọ́kọ́ ẹ̀ nìkan ni mo fi ń ṣeré, mi ò dé apá kejì rí. Kì í sì ṣàwa nìkan. Ní London, ilé ìwòsàn kan wà tó ń jẹ́ Bethlem, 1247 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wá ń kó àwọn tórí wọn dàrú sí, fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará ìlú ń rọ́ wọbẹ̀ lọ wò wọ́n bí ẹni lọ wo ọ̀bọ, ó di 1770 kí wọ́n tó fòfin de kí ẹnikẹ́ni kàn máa wọlé wá wòran bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín níbẹ̀ nígbà yẹn, òun náà lèmi pè wá sínú gbọ̀ngàn lọ́nà Ìpakodò.

Òwe kejì ni mo wá ń fi ṣiṣẹ́ báyìí: ojú kì í ti wèrè, ará ilé ẹ̀ lojú ń tì. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ mú eré àtijọ́ tó dáa èyíkéyìí tí wèrè wà nínú ẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣáà dá wèrè náà nìkan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa láti máa wò, ẹnì kan máa wà nítòsí tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tó mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín kó tó di pé nǹkan bàjẹ́, ojú ẹni yẹn ni òǹwòran máa fi rí i. Nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó wá àkísà, kẹ́ ẹ tó ronú ìjó kankan, ẹ gbé ìwé eré yẹn, ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ ará ilé ẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀? Kí ló ń ṣe lọ́wọ́? Kí ló fẹ́ kí aráyé má rí?

Nínú Ajax tí Sophocles ará Gíríìsì kọ, Tecmessa ni. Ajax jẹ́ jagunjagun ńlá, inú ń bí i torí wọn ò fún un ní ìhámọ́ra ogun Achilles tó lẹ́tọ̀ọ́ sí lójú tiẹ̀, ó jáde lóru láti lọ pa àwọn ọ̀gá ogun, òrìṣà Athena yí i lójú, ló bá lọ ń pa màlúù àti àgùntàn, ó so àwọn míì mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ ẹ̀ ó ń nà wọ́n, lójú tiẹ̀ àwọn ọ̀tá ẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló jáde wá sọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí nínú àgọ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣe Tecmessa tó kàn ń ka láìnì lọ, ẹ ti pàdánù eré yẹn. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń bá àgbò sọ̀rọ̀ nínú ilé, báwo ló ṣe máa rò ó fún àjèjì? Ṣé á wo ojú wọn? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Nínú Hamlet tí Shakespeare ará Gẹ̀ẹ́sì kọ, Ophelia lorí ẹ̀ dàrú, Laertes ni ará ilé ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ni, ó ti ìrìn àjò dé láti wá gbẹ̀san bàbá wọn, ó gbé ìbínú bọ̀, àbúrò ẹ̀ wọlé ó ń kọrin, ó ń pín ewé àti òdòdó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú King Lear tí Shakespeare náà kọ, ọba Lear fúnra ẹ̀ lorí ẹ̀ dàrú, Cordelia ni ará ilé ẹ̀, ọmọ tí bàbá lé dànù. Ẹ ṣáà máa wá a, ó máa wà níbẹ̀.

Àní nínú ìwòsàn gan-an pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò l'Abẹ́òkúta ní 1954, ohun tó ṣe nìyẹn, ó ní kí aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, kí ará ilé ẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, dípò kí wọ́n tì í mọ́lé. Mo máa ń sọ èyí fáwọn ọmọ tá a bá ń ṣe rìhásà torí pé tí wọ́n bá gbọ́ Àrò báyìí, èébú nìkan ló ń wá sí wọn lọ́kàn.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ará ilé, ẹ wá padà sọ́dọ̀ ẹni tórí ẹ̀ dàrú. Ẹ má ṣe wèrè. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé mò ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wèrè kì í ṣe wèrè lójú ara ẹ̀, ó ní ohun tó ń ṣe, ohun náà sì nítumọ̀ lójú ẹ̀. Ajax ò ṣe wèrè, ogun ló ń jà. Akọ̀wé ìjọba inú ìtàn Diary of a Madman tí Gogol ará Rọ́ṣíà kọ ní 1835, ó gbà pé òun lọba Sípéènì, ó wá ń dúró de àwọn ikọ̀ tó máa wá mú òun lọ sáàfin, gbogbo ohun tó bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló bá a mu pé ọba ni, déètì tó ń kọ sókè ìwé ẹ̀ nìkan ló ń fi hàn wá pé nǹkan ti yẹ̀, ó kọ ọjọ́ kẹtàlélógójì oṣù April. Nítorí náà ẹ bi ara yín pé, ẹni yìí, kí ló rò pé òun ń ṣe? Tó bá yé yín, ẹ ṣe ìyẹn tọkàntọkàn, ẹ má fi kún un. Kí ẹ máa yí ojú po, kí ẹ máa rẹ́rìn-ín kèé-kèé-kèé láìnídìí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn tí kò rí nǹkan gidi ṣe.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹnu. Shakespeare ní ọgbọ́n kan, àwọn èèyàn ńlá inú eré ẹ̀ sábà máa ń sọ̀rọ̀ bí ewì, tó ní òṣùwọ̀n, àmọ́ tí orí wọn bá ti dàrú, ewì yẹn á já, ọ̀rọ̀ á wá máa tú jáde wúruwùru. Lady Macbeth, tóun àti ọkọ ẹ̀ jọ gbìmọ̀ pa ọba nínú eré Macbeth, ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń rìn lójú oorun, Lear náà ṣe é nínú ìjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é ní Yorùbá, ẹ ò nílò láti da ọ̀rọ̀ rú rárá, èdè wa ti fún wa ní ohun tó ju ìyẹn lọ: ìkíni. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin tá a ti rí tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré wọlé, kó dúró ṣánṣán níwájú bàbá ẹ̀, kó ní "ìwọ, o ti jẹun?" Ẹ má fi igbe sí i, ohùn pẹ̀lẹ́. A dán an wò lọ́jọ́ kan nílé ìwé kan lójú ọ̀nà Ìjẹdẹ, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ní "yéè". Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ òwe tí gbogbo ayé mọ̀, kó dé ìdajì kó má rántí èyí tó kù, kó tún bẹ̀rẹ̀, kó tún dúró síbi kan náà. Àwọn òǹwòran á máa bá a parí ẹ̀ nínú ikùn wọn, ọkàn wọn á ti wọbẹ̀ láìmọ̀.

Orin náà ṣe pàtàkì. Ophelia ń kọrin tí ọmọ ilé ire kì í kọ níta, ìyẹn ló ń dun àwọn tó ń gbọ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ dáadáa bíi ti kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ kọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń kọrin tó bá dá wà.

Ọwọ́ ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí Lady Macbeth ń rìn lójú oorun, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọba tí wọ́n pa ló rò pé ó wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ sọ fún dókítà pé òun ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọbìnrin tó ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ń ra ọwọ́ bí ẹni tó ń fi páńkẹ́èkì para, kò dùn rárá. Mo ní kó lọ sí etí ọ̀sà, kó lọ wo àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí wọ́n bá tajà tán, bí wọ́n ṣe ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha àárín ìka, kí wọ́n gbé e sí imú, kí wọ́n tún ha á. Ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Nígbà tó dé, mo gbé bàsíà òfìfo síwájú ẹ̀, mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gidi, mo ní kó máa fọ̀ ọ́ lọ. Àwọn tó kù kọ́kọ́ ń ṣàwàdà. Ní ìṣẹ́jú kẹrin ó ti dé àárín ìka, ní ìṣẹ́jú keje ó gbé ọwọ́ sí imú, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ ti ń pọ́n. Ọmọ tó ń ṣe obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ kàn dédé bọ́ ìborùn ọrùn ẹ̀, ó fẹ́ fi nù ún lọ́wọ́, ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. Èmi ò kọ́ ọ o. Ẹ rí i, ará ilé ti dé. Lálẹ́ ọjọ́ eré, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré la lò, àmọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ló wà nínú ẹ̀.

Ti aṣọ ò ní gbà wá lákòókò. Ẹ má wọ àkísà àyàfi tí ìwé bá ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo tó yẹ̀: bọ́tìnnì tí wọn ò dè bó ṣe yẹ, ìró tí wọ́n ró sódì, bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí Hamlet lọ bá Ophelia nínú yàrá, kò dé fìlà, ẹ̀wù ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣọ̀kọ́ìsì ẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, ó tó láti dẹ́rù bà á. Ẹ sì rántí ìtàn Achebe tó ń jẹ́ The Madman, ó wà nínú Girls at War tó jáde ní 1972: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nwibe lọ wẹ̀ lódò, orí ẹ̀ pé, ó kù díẹ̀ kó joyè, wèrè kan wá gbé aṣọ ẹ̀ lọ, ló bá ń lé e níhòòhò títí wọ́n fi dé ọjà, bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe wọjà báyìí ó ti bùṣe, gbogbo èèyàn gbà pé ó ti yawèrè, torí wọ́n ní ẹni tí orí ẹ̀ bá dàrú tó bá ti wọjà, kò sí ìwòsàn mọ́. Èyí tó wọṣọ wá kọjá láàrin wọn, kò sẹ́ni tó wò ó. Àwa náà kúkú ní wèrè aláṣọ lédè wa, a mọ ohun tá à ń sọ. Sóyínká gan-an, nígbà tó kọ Madmen and Specialists ní 1970 lẹ́yìn tó kúrò lẹ́wọ̀n àsìkò ogun, dókítà tó wọ yunifọ́ọ̀mù ló jẹ́ kẹ́rù bà wá níbẹ̀, kì í ṣe àwọn abirùn tó ń tọrọ jẹ.

Ti àwọn tó ń díbọ́n, bíi Hamlet àti Edgar inú Lear, ọ̀rọ̀ tiwọn kúrú: ẹ jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń díbọ́n wèrè ń ṣiṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí òǹwòran rí ibi tí ojú ẹ̀ ti ń sinmi tí wọ́n bá kẹ́yìn sí i.

Ohun tó wá le jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kí orí ẹni padà bọ̀ sípò lójú wa. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ń sáré ibẹ̀, wọ́n á gbọn orí báyìí, ó parí, ara ti yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka Bacchae tí Euripides kọ, 405 ṣáájú Krístì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, Euripides ti kú kí wọ́n tó ṣe é, Sóyínká náà sì ti tún un kọ lọ́nà tiẹ̀, wọ́n ṣe é ní London ní 1973. Agave, òrìṣà Dionysus ti gba ọpọlọ ẹ̀, òun àtàwọn obìnrin tó kù ti fọwọ́ fa Pentheus ọmọ bíbí inú ẹ̀ ya lórí òkè. Ó gbé orí ọmọ náà wọ̀lú, ó ń yọ̀, lójú tiẹ̀ orí kìnnìún ni, ó ní kí bàbá òun wá wo ohun tóun pa lóko ọdẹ. Cadmus bàbá ẹ̀ sì ń bọ̀ láti orí òkè níbi tó ti lọ ṣa ẹran ara ọmọ-ọmọ ẹ̀.

Bàbá yẹn ò pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó gbójú sókè wo sánmà. Ó bi í pé ṣé bó ṣe wà náà ló ṣì wà àbí ó ti yàtọ̀. Agave wò ó, ó ní ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá bi í pé ilé ta ni wọ́n mú un lọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó dárúkọ ọkọ ẹ̀. Ó ní ọmọ wo lo bí fún un? Ó ní Pentheus. Ó wá bi í, orí ta ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn? Agave ní ti kìnnìún ni, bẹ́ẹ̀ làwọn tá a jọ ṣọdẹ wí. Bàbá ní wò ó dáadáa, wíwò ò le.

Ẹ wò ó bó ṣe mú un rìn, sánmà kọ́kọ́, ilé ọkọ, ọmọ, kó tó wá kan ohun tó wà lọ́wọ́. Nígbà tá a ń ṣe rìhásà ẹ̀, àgbọn tá a fi aṣọ àńkárá wé ló wà lọ́wọ́ ọmọ tó ṣe Agave. Mo ní kó máa wo ojú bàbá ẹ̀, kó má wo àgbọn yẹn rárá títí bàbá fi ní kó wò ó. Ẹni tó ń ṣe bàbá, ẹkún ló fẹ́ sun láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní rárá sà, tí ọmọ yín bá dúró sí bèbè kànga tó kẹ́yìn sí yín, ṣé ẹ máa figbe pè é? Ó dákẹ́. Ó tún un ṣe, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, ó ń bi í léèrè bí ẹni ń bi ọmọ pé kí ló jẹ nílé ìwé, ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n lẹ́yìn ibi tí ọmọ ò ti rí i. Nígbà tí ọmọ náà wá wo ọwọ́ ara ẹ̀, kò figbe ta, ó rọra gbé àgbọn yẹn mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Mo jáde síta lọ dúró létí jẹnẹrétọ̀.

Lear náà nìyẹn, nígbà tó sùn, wọ́n pààrọ̀ aṣọ sí i lọ́rùn, wọ́n ń lu orin fún un, ó jí, ó rí Cordelia, kò dá a lójú ẹni tó jẹ́, ó ní òun ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, ó sì ń ṣe òun bíi pé orí òun ò pé. Ẹ má sáré gbólóhùn yẹn. Ẹni tó lè sọ pé orí òun ò pé, orí ẹ̀ ti ń padà.

Méjì kù tí mi ò lè fò. Àkọ́kọ́, ẹ má lọ sí Sábó tàbí gáréèjì lọ gbé fóònù sí ẹnikẹ́ni tórí ẹ̀ ò pé kẹ́ ẹ lè kọ́ bó ṣe ń rìn. Ó ní ìyá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ti tọ́jú ẹni rí, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ibi tó ń tọ́jú ọ̀bẹ sí, ohun tó ń sọ fún àwọn ará àdúgbò. Ìyẹn ló máa wúlò fún eré yín.

Èkejì, ẹni tó bá ṣe irú ipa yìí, ẹ má jẹ́ kó dá lọ sílé lẹ́yìn rìhásà. Lọ́dọ̀ wa, tá a bá ti pa iná, a máa ń ní kó bọ́ aṣọ eré, kó bọ́jú, kó jókòó sáàrin wa. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú wa á wá pè é lórúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ti inú eré o, á kì í ní oríkì ẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n, tí kò bá mọ̀ ọ́n á bi í. Òun náà á dáhùn. Nígbà náà la tó máa pín píọ̀ wọ́tà àti búrẹ́dì, ká tó máa wá ọkọ̀ lọ sílé.